Ṣé Iṣẹ́ Ejẹ́ńtì Náà Ni? Àlàyé Lórí Ìkọ́ṣẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Nídìí Ìdókòwò Ilé àti Àbójútó Dúkìá

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ nílé pé òun ti rí íntánṣíìpù ní iléeṣẹ́ tó ń dókòwò sórí ilé, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀ ni pé, "Ṣé wàá máa mú èèyàn lọ wo ilé ni?" Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ejẹ́ńtì ni gbogbo wa mọ̀, torí òun la máa ń bá pàdé nígbà tí a bá ń wá ilé. Àwọn tó jókòó sẹ́yìn, tí wọ́n ń ṣírò bóyá ilé kan yẹ ní rírà, àtàwọn tó ń pinnu ohun tí wọ́n máa fi ilé náà ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá rà á tán, a kì í sábà rí wọn. Orúkọ iṣẹ́ náà gan-an tún dá kún ìdàrúdàpọ̀ ọ̀hún: ìtúpalẹ̀ ìdókòwò àti àbójútó dúkìá. Ẹlòmíì á rò pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni. Ẹlòmíì á gbọ́ "àbójútó", á rò pé ọ̀rọ̀ gáàdì àti agbálẹ̀ ni.

Mo ti ṣe ìkọ́ṣẹ́ yìí rí, mo sì ti jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ṣe é lẹ́yìn mi. Ẹ jẹ́ kí n là á bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Àwọn tó yí ilé kan ká

Ẹ ro ilé kan tó ní fúláàtì 50. Ejẹ́ńtì ló ń bá wọn wá ayálégbé tàbí ẹni tó máa ra ilé náà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti yanjú, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Alábòójútó ilé ló ń gba owó ilé, òun ló ń pe ẹni tó máa tún páìpù ṣe bí omi bá ń jò, òun náà ló ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ariwo aládùúgbò kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Àwọn méjì yìí la mọ̀ dáadáa.

Ẹni kẹta ni olùṣírò ìdókòwò, tí wọ́n ń pè ní analyst. Kí wọ́n tó ra ilé náà, òun ló máa sọ iye tó yẹ kí wọ́n san, ìdí tó fi jẹ́ iye yẹn, àti ohun tó lè sọ ìṣirò náà dòfo. Ẹni kẹrin ni alábòójútó dúkìá, asset manager. Òun ló ń dúró nípò olówó lẹ́yìn tí wọ́n bá ra ilé náà tán. Ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ni ìyàtọ̀ alábòójútó ilé àti alábòójútó dúkìá máa ń hàn jù. Bí lífítì bá dẹnu kọlẹ̀, alábòójútó ilé á béèrè pé ta ló máa tún un ṣe, ìgbà wo ló sì máa dé. Alábòójútó dúkìá á béèrè pé: lífítì yìí ti lo ọdún 25, ṣé ká ṣì máa tún un ṣe ni, àbí ká ra tuntun, ká sì wò ó bóyá owó ilé lè gbé e, àbí ká tiẹ̀ ta ilé náà kí ìnáwó yìí tó já lé wa lórí?

Àárín ẹni kẹta àti ẹni kẹrin ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wà. Ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ analyst ló wà láàárọ̀, kó wà lọ́dọ̀ alábòójútó dúkìá lọ́sàn-án. Ìbéèrè kan náà làwọn méjèèjì ń lé kiri: èló ni ilé yìí ń mú wọlé, ṣé á sì máa mú un wọlé lọ? Ọ̀kan ń béèrè kí owó tó jáde, èkejì ń béèrè lẹ́yìn tí owó ti jáde tán.

Owó ta sì ni? Ó lè jẹ́ ti olówó kan ṣoṣo, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í rí bẹ́ẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ máa ń wà níbẹ̀, owó àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò máa ń wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni owó àwọn tó ra ìpín nínú iléeṣẹ́ tó ń ra ilé. Irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kan ni wọ́n ń pè ní REIT. Ọdún 1960 ni Amẹ́ríkà ṣòfin rẹ̀, kí mẹ̀kúnnù lè ní ìpín kékeré nínú àwọn ilé ńláńlá tí apá rẹ̀ kò lè ká. Lóde òní, òfin ibẹ̀ ní kí REIT máa pín ìdá 90 nínú 100, ó kéré tán, nínú èrè rẹ̀ tí owó orí kàn fún àwọn onípìn-ín. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ti ṣe irú òfin náà. Ó dáa kí akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí sọ́kàn bó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà: owó àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lè wà nínú iye tó ń ṣírò.

Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀

Ibí ni ẹ̀rù ti máa ń ba àwọn tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò owó. Kò yẹ kó bà wọ́n. Ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pípín ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Fúláàtì 50 yẹn, ká ní 24,000 ni owó ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún, owó orílẹ̀-èdè yòówù kó jẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá kún, 1,200,000 ni. Àmọ́ ilé kì í kún lójoojúmọ́: ẹnì kan á kó jáde, ẹlòmíì ò ní san. Ká yọ ìdá 5 nínú 100 nítorí ìyẹn, 60,000 nìyẹn. Ó ku 1,140,000. Ìnáwó ló tún kàn: àtúnṣe, gáàdì, iná orí àtẹ̀gùn, adójútòfò, owó orí ilé, owó iṣẹ́ alábòójútó ilé. Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ 440,000. Ohun tó kù ni 700,000, òun ni wọ́n ń pè ní NOI.

Bóyá ni ọjọ́ kan máa fi kọjá tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní gbọ́ orúkọ yìí. Owó tí ilé fúnra rẹ̀ pa ni. Gbèsè tí wọ́n ń san fún báńkì kò sí nínú rẹ̀, owó orí lórí èrè olówó náà kò sí níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilé nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé. Ilé kan náà lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó yáwó, ó lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yáwó. Iye tí ilé pa kò yí padà.

Wàyí o, bí onílé bá ní 10,000,000 lòun fẹ́ tà á, ẹ fi 10,000,000 pín 700,000. Ìdá 7 nínú 100 lẹ máa rí. Cap rate nìyẹn. Ó túmọ̀ sí pé bí èèyàn bá fi owó ara rẹ̀ ra ilé náà láìyáwó rárá, ìdá 7 nínú owó rẹ̀ ló máa padà wá bá a lọ́dún àkọ́kọ́.

Ohun tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú ni pé bí cap rate bá ń lọ sókè, iye owó ilé ń lọ sílẹ̀ ni. Bí àwọn tó ń rajà bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdá 8 dípò 7, ilé kan náà, pẹ̀lú ayálégbé kan náà àti 700,000 kan náà, di 8,750,000. 1,250,000 ti wọmi, bẹ́ẹ̀ bíríkì kan ò bọ́ lára ògiri. Ohun tí ọ̀pọ̀ onílé káàkiri ayé rí lẹ́yìn ọdún 2022 nìyẹn. Báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé èlé rẹ̀ kúrò nítòsí òdo ní oṣù Kẹta 2022, ó sì gbé e dé ìdá 5.25 sí 5.5 nínú 100 ní oṣù Keje 2023. Ẹni tó bá lè gba ìdá 5 lórí owó tó yá ìjọba, tó sì ń sùn dáadáa, kò ní gbà láti gba ìdá 5 yẹn kan náà lórí ilé tí lífítì rẹ̀ lè bàjẹ́ lọ́la.

Ẹ wo òdìkejì rẹ̀. Ká ní alábòójútó dúkìá pààrọ̀ gílóòbù orí àtẹ̀gùn sí èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀, tó sì tún àdéhùn ṣe pẹ̀lú iléeṣẹ́ gáàdì, tí ìnáwó wá fi 35,000 dín kù lọ́dún. Bí cap rate bá jẹ́ 7, 500,000 ló fi kún iye ilé náà. Ìgbà tí èyí yé mi ni mo tó mọ ìdí tí àwọn ọ̀gá mi fi lè fi wákàtí méjì jiyàn lórí owó omi.

Owó báńkì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ká ní wọ́n yá 6,000,000 nínú 10,000,000 náà, tí èlé àti ojú owó tí wọ́n ń san padà lọ́dún jẹ́ 500,000 lápapọ̀. Báńkì á fi 500,000 pín 700,000, á rí 1.4. DSCR ni wọ́n ń pe ìyẹn, ìyẹn iye ìgbà tí owó tí ilé pa lọ́dún fi ká gbèsè tí wọ́n ń san lọ́dún. Ọ̀pọ̀ báńkì kì í fẹ́ kó wálẹ̀ ju 1.2 tàbí 1.25 lọ, kí àyè lè wà bí ọdún kan bá burú. Lójú báńkì, ọ̀rọ̀ dáa. Àmọ́ 200,000 ló kù fún ẹni tó fi 4,000,000 tirẹ̀ sílẹ̀. Ìdá 5 nínú 100 nìyẹn, nígbà tí ilé ń pa ìdá 7! Lóòótọ́, apá kan nínú 500,000 yẹn ń dín gbèsè kù, kò ṣòfò. Síbẹ̀, ohun tó ń wọ àpò rẹ̀ lọ́dọọdún kò tó ohun tí ì bá wọ ọ́ bí kò bá yáwó, ká wò ó ní ìdá sí ìdá. Wọ́n sábà máa ń sọ pé owó báńkì ń mú èrè pọ̀ sí i. Ìgbà tí ohun tí ilé ń pa bá ju ohun tí gbèsè ń jẹ lọ nìkan ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí irú èyí nínú ìṣirò, tó sì fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, ti ṣe iṣẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ àkókò. Bí ẹnì kan bá ní owó òun di ìlọ́po méjì, ẹ béèrè pé ọdún mélòó ló gbà. Bó bá jẹ́ ọdún 5, èrè ọdọọdún rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 14.9 nínú 100; bó bá jẹ́ ọdún 10, nǹkan bí ìdá 7.2 ni. IRR ni òṣùwọ̀n tó ń ka àkókò mọ́ èrè báyìí. Wọ́n á kọ iye tí ilé náà máa mú wọlé lọ́dọọdún sílẹ̀, fún ọdún 5 tàbí 10, wọ́n á kọ iye tí wọ́n rò pé àwọn máa tà á níkẹyìn, wọ́n á sì wá yí gbogbo rẹ̀ padà sí iye tó jẹ́ lónìí, torí owó tó wà lọ́wọ́ lónìí kì í ṣe ẹgbẹ́ owó ọdún márùn-ún sí i.

Iye tí wọ́n máa tà á níkẹyìn yìí ni mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fura sí jù. Ká ní lẹ́yìn ọdún 5, NOI ti gòkè láti 700,000 dé 750,000. Bí wọ́n bá tà á ní cap rate 7, ó lé ní 10,700,000. Bó bá jẹ́ 8, ó di 9,375,000. Ilé ń pawó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ iye tí wọ́n tà á kò tó iye tí wọ́n rà á. Nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Excel ló fa gbogbo ìyàtọ̀ yẹn, èrò ọkàn ẹnì kan sì ni nọ́ńbà náà, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ọjà máa sọ ní ọdún márùn-ún sí i. Ìdí nìyí tí ọ̀gá tó mọṣẹ́ fi máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àtẹ kan, kó to oríṣiríṣi cap rate sí apá kan, kó to oríṣiríṣi owó ilé sí apá kejì, kí àwọn tó máa fọwọ́ síwèé lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ lè já sí.

Ibi tí nọ́ńbà ti ń wá

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé Excel ni iṣẹ́ náà. Lójú tèmi, ìwé kíkà ni.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n sábà máa ń gbé fún akẹ́kọ̀ọ́ ni rent roll, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn ayálégbé: ta ló wà ní fúláàtì tàbí ṣọ́ọ̀bù wo, èló ló ń san, ìgbà wo ló wọlé, ìgbà wo ni àdéhùn rẹ̀ máa parí. Ẹni tó fẹ́ ta ilé ló máa ń kó o wá. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àdéhùn tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan buwọ́ lù, á yẹ̀ ẹ́ wò lójú ewé kọ̀ọ̀kan, á sì tún gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tó wọ báńkì ní oṣù 12 tó kọjá. Ó máa ń súni. Ibẹ̀ gan-an sì ni òótọ́ máa ń fara pa mọ́ sí.

Nígbà tí mo wà nídìí ìkọ́ṣẹ́, wọ́n gbé ìwé ilé kan tó jẹ́ kìkì ṣọ́ọ̀bù fún mi. Nínú àkọsílẹ̀ tí olùtà kó wá, ayálégbé tó tóbi jù, tó ń san nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo owó ilé, ṣì ní ọdún 8 níwájú. Inú gbogbo wa dùn sí i. Mo ń ka ìwé àdéhùn rẹ̀ lọ títí mo fi dé àfikún kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn: ayálégbé náà lè kó jáde ní ìparí ọdún kẹta, bó bá ti fi oṣù 6 sọ fún onílé ṣáájú. Ó sì ti lo ọdún méjì. Ọdún 8 di ọdún kan. Olùtà kò purọ́. Ọjọ́ ìparí tó wà lójú ewé àkọ́kọ́ ló kọ. Iye tí wọ́n ti fẹ́ san wálẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Mi ò ṣe ìṣirò kankan lọ́jọ́ náà o. Mo kàn ka ìwé dé òpin ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tètè wá oṣù ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún ayálégbé nígbà tó fẹ́ wọlé, torí iye tó wà lórí ìwé lè má jẹ́ iye tó wọlé lọ́dún yẹn. Kó wá ẹni tó ń san owó àtúnṣe, adójútòfò àti owó orí ilé. Nínú àdéhùn míì, ayálégbé ló ń san gbogbo rẹ̀, nínú òmíràn, onílé ni, ìyẹn sì lè mú kí ilé méjì tí owó wọn dọ́gba lójú má dọ́gba rárá nínú àpò. Kó sì wo bí owó ilé ṣe ń lé sí i, bóyá iye kan pàtó ni lọ́dọọdún, àbí ó ń tẹ̀ lé bí nǹkan ṣe ń wọ́n lójà.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ wo ilé náà lójúkojú, ẹ tètè gbà. Àkọsílẹ̀ lè ní fúláàtì kan kún, kẹ́ ẹ débẹ̀ kẹ́ ẹ rí i pé kò sí kọ́tìnì lójú fèrèsé. Ilé ọ́fíìsì lè kún lórí ìwé, kí ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ ṣófo ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Òórùn ọ̀rinrin kì í sí nínú Excel.

Lẹ́yìn tí owó ti jáde

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, bí ọ̀rọ̀ àbójútó dúkìá ṣe rí gan-an nìyẹn. Gbogbo ilé ló ní ètò ìnáwó ọdún. Lóṣooṣù, wọ́n á gbé ohun tí wọ́n ṣètò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sì máa ń ní kó kọ àlàyé ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín méjèèjì. "Owó àtúnṣe pọ̀ sí i" kì í ṣe àlàyé. Kí ló bàjẹ́, ṣé á tún bàjẹ́, ṣé ọdún yìí nìkan ni àbí yóò máa rí bẹ́ẹ̀ lọ?

Ìpinnu tó máa ń gba àròjinlẹ̀ jù níbẹ̀ ni ti ayálégbé tí àdéhùn rẹ̀ fẹ́ parí. Ká ní ó ń san 100,000 lọ́dún, ó ní òun máa dúró bí wọ́n bá lè gbà á ní 95,000. Ejẹ́ńtì sì ní òun lè rí ẹlòmíì tó máa san 105,000. Ẹni tó bá fi ojú lásán wò ó á ní kí ti àkọ́kọ́ máa lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọdún mẹ́ta. Bó bá dúró, 285,000 ni. Bó bá lọ, tí ibẹ̀ ṣófo fún oṣù 6 kí tuntun tó wọlé, ọdún méjì àbọ̀ ni tuntun máa san: 262,500. Ẹ yọ owó ejẹ́ńtì àti ọ̀dà tuntun, ká ní 10,000, ó ku 252,500. Ẹni tó béèrè ẹ̀dínwó ló mú èrè wá. Bí ó bá sì jẹ́ oṣù kan péré ni ibẹ̀ máa fi ṣófo, ìdáhùn á yí padà. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ wádìí bí ilé ṣe ń pẹ́ tó kó tó rí ayálégbé ní àdúgbò yẹn kó tó fọwọ́ sọ̀yà.

Kẹ́ ẹ tó gbà á

Ìkọ́ṣẹ́ yìí sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 nígbà ìsinmi gígùn. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan, ó lè tó oṣù 6 tàbí ọdún kan. Kì í ṣe àwọn tó ń kọ́ nípa ilé àti ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, ìṣirò owó, ẹ̀rọ àti yíyàwòrán ilé tó ṣe é dáadáa. Ẹ mọ Excel dójú àmì; àwọn iléeṣẹ́ ńlá tún ń lo Argus, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò owó ilé, wọ́n sì sábà máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìyẹn níbẹ̀.

Ẹ béèrè ẹni tó máa tọ́ yín sọ́nà, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá ẹ máa rí ìwé àdéhùn gidi. Ẹ ṣọ́ra fún iléeṣẹ́ tó bá kọ "ìtúpalẹ̀ ìdókòwò" sórí ìwé, tó wá jẹ́ pé ilẹ̀ ni wọ́n ní kẹ́ ẹ máa tà fún mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́, tí owó kankan ò ní wọlé fún yín àfi bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó rà á. Iṣẹ́ ejẹ́ńtì nìyẹn. Iṣẹ́ gidi ni, àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣèlérí fún yín. Èyí tó bá sì ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Àṣírí àwọn èèyàn ló máa wà lọ́wọ́ yín. Orúkọ ayálégbé, iye tó ń san, gbèsè tó jẹ, iye tí iléeṣẹ́ fẹ́ fi ra ilé: ẹ má ṣe gbé e sórí fóònù ara yín, ẹ má sì kó o sínú ohun èlò AI tí iléeṣẹ́ náà kò fọwọ́ sí, bó ti wù kí iṣẹ́ náà pọ̀ tó.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi nǹkan dánra wò kẹ́ ẹ tó lọ, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá rí ìwé ẹnikẹ́ni. Àwọn REIT tó wà lórí ọjà ìpín ìdókòwò ń gbé ìròyìn ọdọọdún wọn síta fún gbogbo èèyàn. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé tí wọ́n kọ èrè sí. Ẹ wá ibi tí wọ́n to ọdún tí àdéhùn àwọn ayálégbé máa parí sí, kẹ́ ẹ wo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún méjì tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí NOI bí ìdajì wọn bá kó jáde.